Mẹ́nù Bàbá Oníkámẹ́rà

Àwọn èèyàn ní iṣẹ́ kí á máa kó fídíò sórí àwo DVD ti kú. Ó lè ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì sin ín, èmi ni mo sì jókòó ti òkú náà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, èmi àti kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, àti àga tí oníbàárà kì í sábà jókòó lé. Àǹtí Onífídíò ni àdúgbò ń pè mí. Wọ́n á kí mi láti ojú títì, wọ́n á tún tẹjú mọ́ fóònù wọn, wọ́n á sì kọjá. Mo máa ń dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di èmi àti fáànù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni mẹ́nù. Ẹnikẹ́ni ló lè da fídíò sórí àwo bí ẹni ń da omi sínú garawa. Mẹ́nù ni ojú ilé: àwòrán tó kọ́kọ́ máa ń yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí bọ́tìnnì wà lára rẹ̀, tí èèyàn á fi rìmóòtù tẹ èyí tó bá wù ú kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Mi kì í lo àwòrán tó dúró gbagidi. Mo máa ń gé díẹ̀ nínú fídíò fúnra rẹ̀, mo máa ń fi orin sí i, mo sì máa ń ní kó máa yí po, bó bá ti parí kó tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ní mò ń fi ọjọ́ ayé mi ṣòfò. Mo dá a lóhùn pé ẹni tí kò mọ iyì ojú ilé, ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa gbà wọlé. Kò tíì pè mí láti ìgbà náà.

Obìnrin kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn ló gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fún mi. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́, ó sì ṣàlàyé lórí fóònù pé ìyá òun ti kú, pé kásẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ni wọ́n ti lè rí i níbi tó ti ń rìn tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá òun kò mọ fóònù ńlá lò, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ DVD nílé. Obìnrin náà ní kí n ṣe é kó dùn ún wò, kí n sì da kásẹ́ẹ̀tì náà nù tí mo bá ti parí.

Mo ṣe é, mo sì ṣe àṣejù. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ àti ti òpópónà ti bo ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà, nítorí náà mo pa gbogbo ohùn yẹn rẹ́, mo fi orin jẹ́jẹ́ rọ́pò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí ohùn bá ti dọ̀tí, orin ni ọṣẹ wa. Fún mẹ́nù, mo mú ibi tí ìyá náà ti gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tó wo kámẹ́rà, tó sì la ẹnu.

Kò pẹ́ sígbà tí mo fi àwo náà ránṣẹ́ sí bàbá náà ni òun fúnra rẹ̀ wọlé. Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì fi áńkáṣíìfù wé àwo náà bí ẹni gbé ẹyin. Ó kí mi, ó jókòó, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni ìyàwó mi ń sọ?"

Mo bi í pé níbo. Ó ní níbi tó ti ń la ẹnu. Ó ní láti ìgbà tí àwo náà ti dé lòun ti ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí ìyàwó òun á gbójú sókè, á la ẹnu, orin á gba ẹnu rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi. Gbogbo wàhálà tí mo ṣe, bọ́tìnnì lóríṣiríṣi, bàbá yìí kò kọjá ẹnu ọ̀nà! Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wọ̀ náà kò pọ̀, pé fíìmù gan-an wà lẹ́yìn ibẹ̀, kí ó tẹ bọ́tìnnì.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹni tó wa ọkọ̀ ojú irin títí tó fi darúgbó kò lè má mọ ohun tí bọ́tìnnì ń ṣe. Òun ti tẹ gbogbo wọn, orin ló wà níbẹ̀ náà. Òun padà síwájú nítorí pé ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti hàn jù, bóyá òun á lè fojú gbọ́ ọ.

"Ojú rẹ̀ ò tíì kúrò lọ́kàn mi," ó wí. "Ohùn rẹ̀ ni mo ń gbàgbé. Tí mo bá gbìyànjú láti rántí rẹ̀, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́."

Mo ti pa ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè wà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èmi kì í da nǹkan nù: kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ṣùgbọ́n okùn inú rẹ̀ ti gbó, nígbà àkọ́kọ́ gan-an, ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e jẹ. Mo sọ fún bàbá pé ó lè já lọ́tẹ̀ yìí, kó má sì sí àtúnṣe. Ó ní ohùn tí òun kò gbọ́, kò yàtọ̀ sí èyí tó já. Ó ní kí n fi sí i.

Ẹ̀rọ náà dún kíìkíì, mo di ọwọ́ mi pọ̀. Àwòrán yọ. Ìyá náà ń ránṣọ, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnì kankan kò jókòó lé. Ó gbójú sókè. Láti abẹ́ gbogbo ariwo yẹn, ohùn kan jáde, ó rẹlẹ̀, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

"Baálé mi, ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀. Ẹ wá jókòó tì mí."

Nínú kásẹ́ẹ̀tì, ohùn ọkùnrin kan dáhùn pé òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà kúrò lójú ìyá, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń ya àwọn ọmọdé tó ń gun kẹ̀kẹ́ níta. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa fi padà, ìyá ti tẹrí ba sídìí iṣẹ́ rẹ̀, àga náà sì ṣófo síbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí wá jókòó báyẹn. Ó dùn mí, n kò ní parọ́, mo sì ń ṣe bí ẹni ń nu kọ̀ǹpútà.

"Mi ò lọ," ni bàbá wí. "Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni mo máa ń wà."

Mo ṣèlérí pé màá tún un ṣe, láìsí orin. Mo ní màá jẹ́ kí mẹ́nù náà máa yí po, kí ìyá lè máa pè é láàárọ̀ lálẹ́. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Ó mi orí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń pè mí. Tí mi ò bá dìde, á dákẹ́, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Má jẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀mejì."

Nítorí náà mo yọ yíyí po kúrò. Mo ṣe é kí àwòrán dúró síbi tí ìyá ti ń wo èèyàn, tó ń retí, títí wọ́n á fi tẹ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kan péré. Mo bi bàbá pé kí ni kí n kọ sára rẹ̀, pé "Bẹ̀rẹ̀" ni àwọn oníbàárà máa ń fẹ́. Ó ronú díẹ̀.

"Kọ 'Mo ti dé' síbẹ̀."

Mo kọ ọ́. Kí ló máa wá tẹ̀ lé e? Ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò gbà. Bọ́tìnnì tí kò bá níbi tó ń lọ, á fi àmì pupa sí i, kò sì ní kọ ohunkóhun sórí àwo. Mo wá a títí, mo gé ti fèrèsé àti kẹ̀kẹ́ kúrò, mo so bọ́tìnnì náà mọ́ ibi tí ìyá ti tẹrí ba tó ń ránṣọ, pẹ̀lú àga òfìfo yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fúnra mi ni mo gbé e lọ sílé rẹ̀. Yàrá kan ni, ó gbá a mọ́ tónítóní. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ ìránṣọ kan nígun ilé, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára ibùsùn ló sì ti tẹ̀ wọlẹ̀. Mo ti àwo náà bọ inú ẹ̀rọ. Ìyá gbójú sókè, ó pè é, ó dákẹ́, ó ń wò wá. Bàbá mú rìmóòtù. Ó pẹ́ kó tó rí bọ́tìnnì náà tẹ̀.

Ìyá tẹrí ba, ó ń ránṣọ lọ. Bàbá dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbi tí àga òfìfo wà nínú àwòrán, ó sì jókòó, ó kọjú síbi tí ìyá kọjú sí. Láti ibẹ̀, kò lè rí i rárá. Ó káwọ́ lé orúnkún, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Èmi nìkan ni mo ń rí àwọn méjèèjì. Mo dúró síwájú wọn níbi tí ẹni tó ń ya fídíò máa ń dúró sí, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa jáde.