Ilé Tí Kò Tíì Ṣófo

Ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta géérégé ní ọjọ́ tí ìwé tíráńsífà bàbá rẹ̀ dé. Ṣọ́jà ni bàbá náà, mẹ́káníìkì tó ń tún ọkọ̀ àwọn ológun ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí ọkọ rẹ̀ fi ń pè é ní Tíṣà, kódà nígbà tí wọ́n bá ń jà. Ọmọ wọn ọkùnrin, Ọ̀gágun ni wọ́n ń pè é, torí tó bá ti figbe ta báyìí, gbogbo ilé á dìde dúró.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìwé náà fún wọn. Tíṣà béèrè bóyá ọkọ òun kò lè bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí ọmọ kọ́kọ́ gbó díẹ̀. Ọkọ ní iṣẹ́ ológun kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú, àṣẹ ni. Ló bá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé òun kò ní padà wá lẹ́yìn ìsinmi ìbímọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìlédìí ọmọ ló fi wé àwọn abọ́ kí wọ́n má baà fọ́.

Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni wọ́n lò lójú ọ̀nà, Tíṣà há sáàárín ọkọ rẹ̀ àti awakọ̀ níwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀gágun sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Awakọ̀ ní gbogbo ọkọ̀ ogun lòun ti wà rí, òun kò tíì rí èyí tí fèrè rẹ̀ dún tó báyìí. Ìyẹn ló pa Tíṣà lẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Ní bárékè tuntun, ọ̀gá tó ń bójú tó ilé gbígbé fún wọn ní kọ́kọ́rọ́: yàrá méjì, pálọ̀ àti ilé ìdáná, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n kí ọkọ tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ti ṣí láti inú. Obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, páálí kún pálọ̀, òmíràn ò tíì kún dé ìdajì. Aṣọ ológun kan tí wọ́n lọ̀ dáadáa wà ní kíkọ́ sára ògiri.

Obìnrin náà kí wọn, ó ní kí wọ́n má bínú. Sájẹ́ǹtì lọkọ òun, ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó yẹ kí òun ti kó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ ìwé ẹ̀tọ́ ọkọ òun kò tíì jáde, òun kò sì tíì mọ ibi tí òun máa forí lé.

Ọkọ Tíṣà padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé. Ọ̀gá yẹn ní kò sí ilé mìíràn nílẹ̀, tí obìnrin náà kò bá lọ, òun á rán àwọn ṣọ́jà wá kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọkọ dé, ó sọ ọ́ sétí ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀.

“Bàbá Ọ̀gágun,” Tíṣà ní, “ṣebí yàrá méjì ni. Kí wọ́n mú ọ̀kan, ká mú ọ̀kan.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, ọ̀gá ilé sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ká má parọ́, àánú nìkan kọ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ì bá sùn sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí ara rẹ̀ wá balẹ̀ tán ni ẹ̀rù dé. Gbogbo ìgbà tó bá gba pálọ̀ kọjá tó rí aṣọ Sájẹ́ǹtì, á yára gbójú kúrò. Ó ń sá fún obìnrin náà bí ẹni pé opó ṣíṣe máa ń ràn bí ikọ́. Bí obìnrin náà bá na ọwọ́ pé kó gbé ọmọ wá, Tíṣà á ní ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sùn ni, ojú ọmọ á sì là rekete. Màmá Sájẹ́ǹtì, bí àwọn ará bárékè ṣe ń pè é, rí gbogbo rẹ̀. Ó gbé e mì.

Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n kó ọkọ Tíṣà lọ sí àgọ́ ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta tó lọ, ọyàn òsì Tíṣà wú, ó pọ́n, ó le bí òkúta, ara rẹ̀ sì gbóná fòò. Ó pè é ní àárẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, kò lè gbé ọmọ nílẹ̀ mọ́. Ọ̀gágun ń ké, ìyá rẹ̀ di ògiri mú.

Màmá Sájẹ́ǹtì kan ilẹ̀kùn, kò dúró kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn.

“Ìyàwó, jókòó kó o tó ṣubú. Ọmọ ti dọwọ́ mi.”

Ó rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi gbígbóná, ó fún omi inú rẹ̀ dànù, ó fi lé ọyàn náà. Ó ní wàrà ló dì síbẹ̀, kó má ṣe gba ọyàn ẹ̀gbẹ́ yẹn lẹ́nu ọmọ. Lẹ́yìn náà ó pọn Ọ̀gágun, ó di Tíṣà lápá mú, ó di ilé ìwòsàn bárékè. Nọ́ọ̀sì fún un lóògùn, ó ní ká ní wọ́n fi ṣeré di ọ̀la, abẹ ni wọn ì bá fi là á.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Tíṣà fi wà lórí ibùsùn. Màmá Sájẹ́ǹtì ń wẹ ọmọ, ó ń dáná, ó ń fọ ìlédìí. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú ti Tíṣà débi tí kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Màmá, mo ti ń sá fún yín látọjọ́ tá a ti dé.”

“Mo mọ̀,” ni ìdáhùn. “Èmi náà sá fún opó kan rí, ní bárékè tí mo bí ọmọ mi sí. Mi ò gbé ọmọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo máa ń rántí rẹ̀ báyìí.”

Ó wá sọ ìdí tí ìwé òun fi pẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Sájẹ́ǹtì nígbà tó wọṣẹ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì kọ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ̀gbọ́n náà ni kí wọ́n kó ẹ̀tọ́ òun fún tí òun bá kú. Ó gbéyàwó, ó bímọ, ó ṣí kúrò ní bárékè mẹ́rin, ó ń sọ lọ́dọọdún pé òun á yí i padà. Ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ọ̀nà jìn, lẹ́tà ọ́fíìsì sì le ju ohun tó lè yé e lọ. Ọ́fíìsì ní àfi tí ẹ̀gbọ́n bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó o fún opó.

Ohun tí Tíṣà mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ó jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n náà bí ẹni ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ó fa ìlà sí ibi tó máa fọwọ́ sí gan-an. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìdáhùn fi dé, ẹ̀gbọ́n ti fọwọ́ sí ibi tí ìlà wà.

Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ Tíṣà ti àgọ́ dé. Ó fi ọmọ ṣeré, ó jẹun tán, ìyàwó rẹ̀ wá bi í pé orúkọ ta ló wà nínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ti ìyá òun ni, òun kò kúkú tíì mọ Tíṣà lọ́dún tí òun wọṣẹ́.

“Ní báyìí ńkọ́?”

“Ikú mi lò ń rò ni, Tíṣà?”

“Ọmọ ẹ ni mò ń rò.”

Inú bí i. Ó jáde, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Màmá Sájẹ́ǹtì ń pọnmi bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó sọ garawa kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ògiri bárékè kì í bo àṣírí.

“Bó o ṣe jókòó yìí gan-an ni Sájẹ́ǹtì jókòó lọ́jọ́ tí mo bi í nípa fọ́ọ̀mù,” ó ní. “Mo rò pé ó ń bínú, mi ò bi í mọ́.”

Ọkùnrin náà gbé garawa wọlé fún un. Ní ọjọ́ Ajé, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì, ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti ti Ọ̀gágun sínú fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé ní kí ló lé e dé kùtùkùtù báyìí. Ó ní ìyàwó òun ni.

Nígbà tí ìwé Màmá Sájẹ́ǹtì jáde, ó gba ilé sí ìlú tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tó ń lọ, òun àti Tíṣà di ara wọn mú ní ìsàlẹ̀ títí awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Yàrá kejì ṣófo fún bí oṣù kan, kò wu ẹnikẹ́ni nínú wọn láti sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà Tíṣà gbé tábìlì kan àti ìjókòó gbọọrọ sínú rẹ̀, ó sọ fún àwọn ìyàwó ṣọ́jà tó wà ní ilé wọn pé ẹni tó bá ní ìwé ọ́fíìsì tí kò yé e, kó mú un wá ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé. Àwọn mẹ́ta ló kọ́kọ́ wá. Ọ̀kan nínú wọn, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, kò jókòó. Ó ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, torí ti fọ́ọ̀mù ọkọ òun lòun bá wá, ọkọ náà wà nínú ilé òdìkejì, etí rẹ̀ sì mú.