Kò Tíì Bi Mí Lẹ́ẹ̀kejì

Ohùn Konadu ló wà nínú áàpù náà. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ní Accra yẹ ọ̀pọ̀ èèyàn wò kí wọ́n tó mú un, nítorí ohùn rẹ̀ tutù, èdè Twi rẹ̀ sì já gaara bíi ti àwọn ará oko. Láràárọ̀, fóònù àwọn arúgbó á dún, á ṣí fúnra rẹ̀, Konadu á sì kí wọn: "Ẹ káàárọ̀ o. Oorun yín ńkọ́? Ara yín ńkọ́? Ọkàn yín ńkọ́ lónìí?" Ẹni tó bá ní dáadáa ni, àwọ̀ ewé á yọ síwájú orúkọ rẹ̀. Bó bá ráhùn, pupa á yọ, nọ́ọ̀sì á sì pè é.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí Konadu sọ sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n gé dànù: "Mo gbọ́ àlàáfíà. Kí ni ìròyìn gan-an?" Lamptey, ọ̀gá rẹ̀, ló gé e.

"Ó ti ní àlàáfíà ni, kí lo tún ń bi í sí? Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?"

"Ọ̀gá, lọ́dọ̀ wa, àlàáfíà lèèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Kódà kí ilé máa jó lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bi í lẹ́ẹ̀kejì ló máa tó sọ tinú ẹ̀."

"Ìyẹn fáwọn tó ráyè jókòó sábẹ́ igi. Fóònù nìyí, Konadu. Bọ́rọ̀ bá ti pọ̀ jù, pípa ni wọ́n á pa á."

Konadu rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ó yẹ kó bá a fà á, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, ilé ló ń rò.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ ló gbé áàpù náà sórí fóònù bàbá rẹ̀, Agya Kwaakye, tó ń gbin kòkó nítòsí Goaso. Ẹ̀rù ọkàn bàbá yìí ló ń bà á. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló sì lè bá a wí tó fi máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

"Ohùn ẹ nìyí?" ni bàbá béèrè, ó gbé fóònù mọ́ etí, ẹnu rẹ̀ ò pa dé.

"Èmi ni, Bàbá. Láràárọ̀ ni màá máa kí yín. Ẹ ṣáà máa dá mi lóhùn."

"Kí ọmọ mi máa kí mi láràárọ̀! Kí ni mo tún ń wá?"

Ó sì ń dáhùn lóòótọ́. Àwọ̀ ewé ni Konadu ń rí níwájú orúkọ bàbá lórí fóònù tirẹ̀ kó tó dìde lórí ibùsùn, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń pe bàbá. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ Sunday nìkan, Sunday náà sì ń fò ó. Kí ló kù tó fẹ́ bi í? Áàpù yìí tún ń ka iye ìṣísẹ̀ tí èèyàn rìn lóòjọ́. Ìrìn bàbá ń dín kù, kò jọ pé ó ń dé oko mọ́. Konadu ní bàbá ti gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ti ń sinmi. Ohun tó wù ú ló rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Birago, àbúrò bàbá, pè é.

"Máa bọ̀ nílé."

"Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Ṣáà máa bọ̀."

Konadu yẹ fóònù wò. Àwọ̀ ewé ni ti àárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọ̀ ewé yẹn ló dì mú nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi dé Goaso.

Aṣọ pupa, aṣọ ọ̀fọ̀, ló kọ́kọ́ rí lára àwọn obìnrin tó jókòó sí àgbàlá. Kò sẹ́ni tó ké mọ́ ọn. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un ní omi, wọ́n dúró kó mu ún tán. Nana Asiedu, olórí ìdílé, wá tún aṣọ rẹ̀ dà sí èjìká.

"Níbí, àlàáfíà ni. Ìwọ lo ti ọ̀nà dé. Kí ni ìròyìn?"

Konadu gbé ife omi sílẹ̀. "Àlàáfíà ni, Nana. Ẹ ní kí n wá, mo dé."

"A kí ẹ káàbọ̀." Nana fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Konadu, bàbá rẹ ti fi wá sílẹ̀. Orí àga rẹ̀ la ti bá a láàárọ̀ yìí, nígbà tí oòrùn ti ga."

Nígbà tó sunkún débi tí ohùn rẹ̀ fi há, Birago jókòó tì í.

"Kì í jẹun mọ́. Oògùn rẹ̀ kún inú ike, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ayé ti sú òun látìgbà tí ìyá rẹ ti lọ. Mo ní kí n pè ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìwọ fúnra rẹ ń béèrè òun láràárọ̀, òun máa sọ fún ẹ."

"Àǹtí, kò sọ nǹkan kan fún mi!"

"Ó ń dúró dè ẹ́ ni. Bó bá ti ní àlàáfíà, á gbé fóònù yẹn mọ́ etí, á máa retí. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yìí ti gé.' Ó ní, 'Fi mí sílẹ̀ jàre. Kò tíì bi mí lẹ́ẹ̀kejì.'"

Konadu kò lè wo ojú Birago. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín tó rín níwájú Lamptey, ó kórìíra ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí àwọn àgbà ṣe ń jíròrò ìsìnkú lọ́wọ́, fóònù Agya Kwaakye dún lójú fèrèsé. Ohùn Konadu jáde, ó tutù, ó dùn ún gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Oorun yín ńkọ́? Ara yín ńkọ́? Ọkàn yín ńkọ́ lónìí?"

Nana Asiedu kò gbọ́ ìkíni kó má dáhùn rí.

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun. Ó di àárọ̀ ọ̀la."

Fóònù Konadu gbọ̀n nínú báàgì rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó wò ó. Agya Kwaakye, àwọ̀ ewé. Nígbà tó gbójú sókè, Nana Asiedu ṣì kọjú sí fèrèsé, ó gbé etí rẹ̀ kan síwájú, ó ń retí.