Eegun Abẹ́ Ọrùn Lápá Òsì

Bí ọwọ́ Bàbá Eegun ṣe kan kókó tó wà lára eegun náà, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Eegun abẹ́ ọrùn ni, èyí tó gba iwájú èjìká kọjá, tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Ó ti kán rí nígbà tí ẹni tó ni ín wà láyé. Wíwọ́ ló jinná, kókó tó tó hóró ẹ̀pà sì wà níbi tó ti so pọ̀.

Ó mọ kókó yìí. Ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pè é ní Bàbá Eegun, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ṣọ́ yàrá eegun nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bí àpótí tuntun bá dé, òun ni yóò tú u, tí yóò kà á pé igba ó lé mẹ́fà, tí yóò fi yíǹkì kọ òsì àti ọ̀tún sí wọn lára, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé. Kò sí èyí tó ń bà á lẹ́rù níbẹ̀. Orí tábìlì kan náà ló ti ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jáde nílé láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó ní òun ń wáṣẹ́ lọ, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, òun àbúrò ló mi àkàbà tí ẹ̀gbọ́n gùn, tó fi já bọ́, tí èjìká rẹ̀ fi kán. Ẹ̀gbọ́n ò tú àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi lọ.

Ìwé tó bá àpótí wá wà lórí tábìlì. Ọkùnrin, bí ẹni ogójì ọdún. Ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tó jáde nílé.

Oníṣòwò tó gbé eegun wá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ìwé rẹ̀.

"Níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ibi tá a ti ń rí wọn náà ni, Bàbá."

"Ibo nìyẹn?"

Ọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń gbé e wá fún yín. Ẹ ò bi mí rí."

Lóòótọ́, kò bi í rí. Ṣùgbọ́n lónìí, ara fu ú. Kí ló ń lé ọkùnrin yìí tí kò lè jókòó? Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ orí ìwé náà fi dà bí ohun tí wọ́n kọ láàárọ̀ yìí? Ó fọwọ́ pa á, yíǹkì sì ràn mọ́ ọn ní àtàǹpàkò. Ó ní kí ọkùnrin náà dúró, pé òun ò ní í fọwọ́ sí nǹkan kan títí kíláàsì yóò fi parí. Ó wá bọ́ sí kọ̀rọ̀, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, èjìká ẹ̀gbọ́n mi wo ló kán nígbà yẹn?"

"Òsì ni. Èmi ni mo fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ṣé o rí i ni?"

"Rárá o. Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni."

"Kì í sọ sí ọ lọ́kàn tẹ́lẹ̀."

Ó pa fóònù. Ó yí eegun náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́. Òsì ni. Ó rọra fi í sápò.

Nígbà tí agogo lù, olùkọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Bàbá Eegun ti to àwọn eegun sórí tábìlì látorí agbárí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń tò wọ́n, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

"Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ nìyí," ni olùkọ́ wí. "Tí mo bá ní òsì, òsì ẹni tó dùbúlẹ̀ yìí ni mo ń wí, kì í ṣe òsì ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi ara yín sípò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lanu." Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka: agbárí tó bo ọpọlọ, eegun ẹ̀yìn tó gbé ara dúró, eegun ìhà méjìlá lápá kọ̀ọ̀kan tó ń ṣọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ọ̀pá dé èjìká, ó dúró.

"Bàbá, eegun abẹ́ ọrùn lápá òsì dà?"

"Bóyá kò bá a wá, Ọ̀gá."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí pátákó pé ó pé." Olùkọ́ ń wo àpò rẹ̀.

Kí ló tún kù? Ó yọ ọ́. Eegun náà ti móoru lára rẹ̀. "Mo fẹ́ nù ún ni."

"Nínú àpò?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Olùkọ́ gba eegun náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sáàyè rẹ̀, ó sì tún wo Bàbá Eegun lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sún mọ́ àárín tábìlì.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tá a ń wò. Ìbàdí rẹ̀ rèé. Ẹ wo bó ṣe fẹ̀, ẹ wo bí àárín rẹ̀ ṣe rí róbótó. Ta ló lè sọ fún mi?"

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Ibẹ̀ lọmọ ń gbà, mà. Obìnrin ni."

"Obìnrin ni."

Ọdún kọkàndínlógún tí Bàbá Eegun ti ń ya ìbàdí ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára tobìnrin, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló wá sọ fún un. Kò tiẹ̀ wo ìbàdí eléyìí. Ohun tó ń bẹ̀rù nìkan ló ń wò láti àárọ̀. Ó jókòó sórí àpótí òfìfo, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òun. Àyè ṣì wà láti bẹ̀ ẹ́ nítorí àkàbà yẹn.

Ìgbà yẹn ló rí ìwé tó ṣì dì mọ́wọ́. Ọkùnrin, bí ẹni ogójì ọdún.

Ó sáré jáde. Oníṣòwò ò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, kò sì dúró gba ìwé kankan.

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Má parọ́ fún mi. Ṣé o rí i?"

"N ò rí i, Màámi. Ẹlòmíì ni mo rí."

"Ta ni?"

Ó ti padà sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ó sì ti fa dúrọ́ọ̀ ibi tí ìwé ọdún mọ́kàndínlógún wà. Ọkùnrin. Obìnrin. Ọkùnrin. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, ó gún régé; kò sì bi ẹnikẹ́ni rí níbo ni wọ́n ti rí wọn. Ó mú èyí tó wà lókè pátápátá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni tí kò rí i rí.

"Mo ní ta ni?" ni ìyá rẹ̀ tún bi í.