Ìwo Tí Akọ̀wé Fẹ́ Fi Ayùn Gé

Ẹ gbọ́ nǹkan tí ojú mi rí. Èmi tí mo ti ń dárin fún elégbè láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, inú pálọ̀ ara mi ni ẹnìkan jókòó sí, tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń sọ fún mi pé etí mi ti darúgbó. Kò mọ síbẹ̀ o. Ó ní òun yóò fi ayùn gé ohun tí ọkọ mi fi oṣù mẹ́jọ gbẹ́. Ayùn! Nínú ilé mi!

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ọjọ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa pé iṣẹ́ tó, mo rò pé yóò jókòó kí eegun sinmi. Ìsinmi kẹ̀? Ọjọ́ kejì ló ti ń wọn pákó ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní sípíkà lòun fẹ́ kàn. Kì í ṣe àwọn kéékèèké tí wọ́n ń tò sórí àtẹ, bí kò ṣe èyí tó jẹ́ pé bó bá ń kọrin, ènìyàn yóò máa wá akọrin lábẹ́ àga. Ó kan àpótí méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dé mi láyà, ó sì fẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Wúfà ló wà nísàlẹ̀, òun ló ń gbé béèsì jáde, ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń kanlẹ̀kùn àyà ẹni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ. Ìwo ló wà lókè.

Ìwo tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti màlúù. Pákó ni. Ọ̀fun rẹ̀ tín-ín-rín lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀rọ kékeré kan ti ń ké. Ẹnu rẹ̀ wá ṣí gbàgà síwájú bí òdòdó tó là láàárọ̀, kí ohùn lè rí ọ̀nà jáde láìforí gbárí. Pákó pẹlẹbẹ mẹ́tàlélógún ni ọkọ mi gé fún ìwo kan, ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n léra, ó fi fáìlì fá inú wọn, ó fi sáńpépà ra á títí tó fi dán bí inú ìkarahun ìgbín.

Ta ló ń bá a dán an wò? Èmi náà ni. Bó bá ti fá a díẹ̀, á ké sí mi pé, "Olóhùn-iyọ̀, wá kọrin sí i." N ó fi aṣọ tí mò ń fọ̀ sílẹ̀, n ó fi ẹnu sí ọ̀fun ìwo, n ó gbé ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ohùn mi bá ti gbọ̀n, á fi pẹ́ńsù fa ìlà síbẹ̀, á tún fá a. Mo tilẹ̀ ṣe orin fún un:

*Ìwo, ìwo, la ẹnu rẹ,*
*Ohùn mi ń bọ̀ lọ́nà;*
*Bí o bá há a mọ́ ọ̀fun,*
*Fáìlì yóò bá ọ wí.*

Oṣù mẹ́jọ rèé! Nígbà tó parí, a gbé méjèèjì wọ pálọ̀, a so wọ́n mọ́ áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, a sì fi orin obìnrin kan tí mo fẹ́ràn sí i. Ohùn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí bákan. Béèsì ò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń kọrin náà ò sì dúró síbì kan. Ó dà bí ẹni pé ó sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, tó ń yọjú lọ́tùn-ún, tó ń yọjú lósì. Ọkọ mi tú pẹ́ẹ́ sórí àga. Mo ní, "Bàbá, àwọn méjèèjì yìí ń bá ara wọn jà."

"Pákó àti wáyà ń jà kẹ̀?"

"Wọ́n ń jà. Etí mi ń gbọ́ ọ."

Àbúrò rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí.

Àbúrò ọkọ mi yìí ni mo fún lórúkọ Akọ̀wé, torí pé láti kékeré ni bírò kì í kúrò létí rẹ̀. Ilé ni mo bá a nígbà tí mo wọlé ìyàwó, nítorí náà ọkọ ni tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń jẹun kí wọ́n tó bí i. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kún ara ògiri bí kàlẹ́ńdà. Èmi, ìwé kẹta ni mo kà dé.

Ó gbé kọ̀ǹpútà dé, ó gbé máìkì dúró láàárín pálọ̀ lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

"Kí ẹnikẹ́ni má mí o," ló wí.

"Ká kú ni?" ni mo bi í.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, dákẹ́."

Ẹ̀rọ náà ké láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, hùùùù títí dé ṣííí. Ó ti ọ̀kan pa, ó wọn èkejì. Ó ti èkejì pa, ó wọn ti àkọ́kọ́. Ìlà ń jáde lójú kọ̀ǹpútà bí ipa ọ̀nà ẹni tó mutí. Ó ti ìlà náà síwájú, ó tì í sẹ́yìn, ó wá dájọ́.

"Bùọ̀dá, wúfà yín ò lẹ́bi. Ẹ wo ìlà rẹ̀, méjèèjì bára mu, béèsì kún. Àpótí ò lẹ́bi. Ìwo nìkan ló kù. Ẹ wò ó níbí, ó rí gbágungbàgun. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Òun ló ń tú ohùn ká, òun ló ń bo béèsì mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé e kúrò, ká fi oníke síbẹ̀. Mo máa gbé ayùn oníná wá lọ́sàn-án Sátidé."

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ n bi yín. Nígbà tí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, béèsì wà níbẹ̀, àbí kò sí?"

"Ó wà."

"Tí méjèèjì bá pa pọ̀, béèsì sálọ."

"Ẹn-ẹ́n."

"Ẹni méjì tí ara wọn le koko, tí wọn ò lè gbé yàrá kan pọ̀, ṣé àìsàn ló ń ṣe wọ́n ni àbí ìjà?"

Ó rẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín sí mi lójú! Ó ní, "Ìyàwó, etí àgbà ni. Bí ènìyàn bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohùn mìíràn kì í wọlé mọ́. Ó wà nínú ìwé."

Mo yíjú sí ọkọ mi, mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Ẹni tí mo kọrin fún fún oṣù mẹ́jọ, ẹni tó ń fi pẹ́ńsù tẹ̀lé ohùn mi. Ó kàn ní, "Àbúrò mi mọ̀ nípa rẹ̀." Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ti Akọ̀wé lọ.

Kì í ṣe torí etí mi nìkan ni mo fi ń bínú. Mo mọ ọkọ mi. Bí ayùn bá kan ìwo yẹn, kò tún ní fọwọ́ kan pákó mọ́ láyé. Láti ọjọ́ náà gan-an ni kò ti lọ sẹ́yìnkùlé. Á jókòó, á máa wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹlẹ́ṣẹ̀.

Mi ò lè bú Akọ̀wé tó jẹ́ ọkọ mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò di ẹnu orin? Ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, mo fi orin gbálẹ̀, mo fi nu fèrèsé, mo fi sá aṣọ:

*Ẹ̀rọ ń ka àrùn onítọ̀hún,*
*Kò mọ ẹni tó ń bá jà;*
*Ẹ bá mi bi ẹ̀rọ léèrè,*
*Ìgbà wo ló kọrin rí?*

Ọkọ mi ní, "Ta lò ń fi orin yẹn bá wí?"

"Ìdọ̀tí ni. Ṣé ẹ rí ìdọ̀tí níbẹ̀ ni?"

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ ni òye yé mi. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí a bá fi ẹni méjì tí ohùn wọn dọ́gba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan ń mí síta nígbà tí èkejì ń mí sínú, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ wọn dáadáa. Ọkọ mi náà, bó bá ń dán sípíkà rédíò àtijọ́ wò, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ló máa ń fi kan wáyà rẹ̀, kó lè mọ èwo ni orí, èwo ni ìdí. Mo wá bátìrì kan jáde, mo dì í mọ́ etí ìró mi, mo sì dúró de Sátidé.

Akọ̀wé dé pẹ̀lú ayùn nínú àpótí, ìwo oníke méjì nínú báàgì ọ̀rá. Dúdú ni wọ́n, wọ́n fúyẹ́ bí ìdérí ike. Mo kúnlẹ̀ kí i, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n iwájú ìwo gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí, mi ò sì dìde.

"Ìyàwó, bọ́ síbì kan."

"Akọ̀wé ọkọ mi, mo ti bọ́ sí i náà nìyí. Ẹ gbé ayùn yẹn sílẹ̀ kí n fi nǹkan kan hàn yín. Bí kò bá rí bí mo ṣe wí, ẹ gé ìwo, kí ẹ sì gé etí mi mọ́ ọn."

Ọkọ mi ní, "Olóhùn-iyọ̀, má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ẹ dákẹ́! Ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ìjọ́ mẹ́ta."

Mo yọ wáyà méjèèjì ti àpótí ọ̀tún kúrò lára áńpù. Dúdú ni méjèèjì, kò sí àmì kankan lára wọn. Mo fi orí bátìrì kan èyí tó jáde lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fi ìdí rẹ̀ kan ti òsì. Wúfà ta síwájú, pò! Mo lọ sí àpótí kejì, mo ṣe é bákan náà gẹ́lẹ́. Wúfà yẹn fà sẹ́yìn, fọ́ọ̀! Ó wọ inú lọ bí ikùn ẹni tí ebi ń pa.

Akọ̀wé tẹ̀ ba. "Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Èyí síwájú, tọ̀hún sẹ́yìn.

"Tún un ṣe, jọ̀ọ́."

"Ohun tí èyí ń sọ, ìyẹn ń gbé e mì," ni mo wí. "Ibo ni béèsì yóò ti rí ọ̀nà jáde? Ìwo ló ṣe é, àbí èmi àti etí mi?"

Ọkọ mi ti dìde. Ohùn rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀: "Àpótí kejì yẹn… mo ti kan ẹ̀yìn rẹ̀ pa kí n tó rántí wáyà. Iwájú ni mo gbà, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti ihò wúfà. Orí lọ́tùn-ún, ìdí lósì, bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí fún ara mi. Mi ò rántí pé mo ti kọjú sódì, pé ọ̀tún mi ti di òsì rẹ̀."

Ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó tan orin.

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Béèsì gba ilẹ̀ yàrá wá, ó gun orúnkún mi, ó jókòó sí mi láyà. Gíláàsì fèrèsé dáhùn. Obìnrin olórin náà jáde lẹ́yìn kọ́tìnì, ó dúró láàárín gbùngbùn àpótí méjèèjì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa èémí kó tó lé orin. Mo jó! Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Mo jó dé ibi áńpù, mo sì pa á.

"Kí ló dé?" ni ọkọ mi wí.

"Ọ̀rọ̀ kù nílẹ̀. Akọ̀wé, etí ta ló darúgbó?"

Mo rò pé yóò ṣàwáwí. Ó jókòó sórí àpótí ayùn rẹ̀, kò wò mí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

"Bùọ̀dá, ẹ rántí ìwo méjì tí ẹ gbẹ́ fún sípíkà tèmi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn?"

"Mo rántí."

"Béèsì tèmi náà sálọ. Mo wọn ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe wọn tiyín. Mo gé ìwo yín, mo fi oníke síbẹ̀. Béèsì ò padà wá títí dòní. Mo ní yàrá mi ló burú."

Ẹ wò ó bí inú ṣe bí mi! Ó ti pa aláìṣẹ̀ méjì, ó tún gbé ọ̀bẹ wá fún méjì sí i, kò sì tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè! Mo la ẹnu kí n sọ ọ́, ọkọ mi gbọ́wọ́ sókè.

"Níbo lo sọ wọ́n sí?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà. Mi ò lè jù wọ́n nù."

"Ṣé ojú ibi tí ayùn ti gé e mọ́?"

"Ó mọ́."

"Gọ́ọ̀mù á mú un." Ọkọ mi ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń tú fáìlì láàárín irin, ìró tí mi ò gbọ́ láti ìjọ́ mẹ́ta.

Akọ̀wé dìde, ó ń fi ọwọ́ ra orí. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ. Ẹ bá mi gbọ́ ọ."

"N ó lọ," ni mo wí, mo ń wá bàtà mi. "Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi o. Mo máa bínú dé ilé yín, mo sì máa bínú bọ̀. Ayùn yẹn ń kọ́? Ibí ni kó wà."