Ohun Tó Wà Nínú Ihò Òkété

Odó ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ẹ̀yínadé ń gún iyán lọ́wọ́ nílé ìdáná rẹ̀ ní Ìlórò lọ́sàn-án Sátidé kan, ni odó bá rì wọlẹ̀ dé ìdajì, tòun tiyán nínú rẹ̀. Obìnrin náà ju ọmọ odó nù, ó figbe ta. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Ògúnbíyìí, sáré dé, ẹ̀rín ló rín.

"Òkété ni," ó ní. "Wọ́n ti gbẹ́ abẹ́ ulé yìí di òfìfo. Uṣu mi tí wọ́n ti jẹ kò níye!"

Wọ́n pe Jídé kó wá gbẹ́ wọn jáde. Jídé ni ọmọ wọn àgbà, ó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Àrámọkọ, ó sì wálé fún ọlidé. Ó bọ́ bàtà, ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀. Òkété méjì fò jáde. Wọ́n lu ọ̀kan pa, èkejì sá lọ, inú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń dùn pé ọbẹ̀ dé.

Ìgbà tó gbẹ́ ẹ síwájú ló kan ibi tí àwọn òkété ń kó ẹrù sí. Èkùrọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó tó agbọ̀n kan. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àárín èkùrọ́ náà ni wọ́n ti rí ṣíbí kan, ìdérí kálàmù, bọ́tìnì, àti ìdérí ìgò bíà mẹ́rin. Ògúnbíyìí mú ṣíbí náà, ó wò ó lójú, ó wò ó nídìí.

"Kí ni òkété fẹ́ fi ṣíbí ṣe? Àbí òun náà ń mu ẹ̀kọ?"

"Bàbá, ohun tó bá ń dán máa ń wù ú," ni Jídé wí. "Kò níí jẹ ẹ́, kò níí fi ṣe nǹkan kan, yóò ṣáà gbé e lọ sílé. Ó wà nínú ìwé."

Ògúnbíyìí kò gbà á gbọ́ tán. Ọmọ yìí kan náà ló sọ fún wọn lánàá pé aáyán tí wọ́n gé lórí lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ kan, àti pé ìdun lè gbààwẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù lára ibùsùn tí kò sẹ́ni tó ń sùn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rán ọmọ níwèé, kó yáa tẹ́tí sílẹ̀ de irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

"Ẹ̀gbà ọrùn tún nìyí," ni Jídé wí.

Fàdákà ni. Ó ti dúdú, ìdọ̀tí ti dí i lójú, ṣùgbọ́n owó fàdákà mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yínadé rí i, ó sì jókòó lulẹ̀ nínú erùpẹ̀. Òun ló ni ín. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, orí pẹpẹ ilé ìdáná yìí ló sì ti sọnù lọ́dún tí a gba òmìnira, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Fúnmiọlá ni wọ́n ní ó jí i.

Fúnmiọlá ni ìyàwó kékeré Ògúnbíyìí. Lọ́jọ́ tó sọnù, ojú ibi tí ẹ̀gbà ọrùn náà wà lórí pẹpẹ gan-an ni wọ́n ti bá èkùrọ́ mẹ́ta, Fúnmiọlá nìkan ló sì ń pa èkùrọ́ nínú ilé lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ní kí ló tún kù? Ọmọbìnrin náà sunkún títí, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ògúnbíyìí ló ń bọ Ògún agboolé wọn, òun náà ló sì gbé irin fún un. Fúnmiọlá fi eyín gé irin, ó ní bí òun bá jí i, kí Ògún pa òun. Oṣù méje lẹ́yìn náà, lọ́rì tó wọ̀ lọ sọ́jà dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n. Èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, òun nìkan ló kú.

Òun nìkan! Ta ló tún ń wá ẹlẹ́rìí? Nínú agboolé tiwọn, wọn kì í ṣọ̀fọ̀ ẹni tí ìbúra bá pa. Wọn kò sin ín sílé ọkọ. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ayétòrò, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pe obìnrin yẹn ní ìyá olè.

"Òkété, báyìí nìwà rẹ!" ni Ẹ̀yínadé wí. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Jídé, ẹ jẹ́ ká dá a padà sínú ihò, ká fi erùpẹ̀ dí i. Àwa mẹ́ta péré la rí i."

Ògúnbíyìí mú èkùrọ́ kan nílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti jẹ òkété rí ló mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí àpò. Bó bá ti kó èkùrọ́ sẹ́nu, tó sì wá rí ohun tó wù ú jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò tu èkùrọ́ dànù kó lè ráyè. Èkùrọ́ mẹ́ta! Òun tó ń dẹ pàkúté láti kékeré, báwo ni kò ṣe ronú kàn án?

"Bóyá Fúnmiọlá ló jù ú sínú ihò," ló sọ níkẹyìn.

"Bàbá, ẹnu ihò wà lẹ́yìnkùlé. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ibí. Ọwọ́ ta ló gùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Òkété tó gbé e ńkọ́? Ọdún mélòó ló ń lò láyé?"

"Ó lè lo mẹ́rin, ó lè lo márùn-ún. Èyí tó gbé e lè ti kú. A lè ti jẹ ẹ́."

Ògúnbíyìí wo òkété tí wọ́n pa nílẹ̀. Fúnmiọlá mọ òkété sè, kò sí ìyàwó tó mọ̀ ọ́n sè bíi tirẹ̀. Bóyá òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ se olè náà fún wọn, tí wọ́n jẹ ẹ́, tí wọ́n sì lá ọwọ́. Bí kò bá jalè, kí wá ni Ògún rí tó fi mú un? Bí kì í bá ṣe Ògún ló mú un, ta ló yan òun nìkan láàárín èèyàn mọ́kànlá?

"Bàbá, bíréèkì ló já," ni Jídé rọra sọ.

"Kí ni wọ́n fi ṣe bíréèkì?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "Ṣé kì í ṣe irin ni?"

Jídé mú ọkọ́ rẹ̀ nílẹ̀. Kò sí èyí nínú ìwé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúnbíyìí fi ẹ̀gbà ọrùn náà sápò, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ayétòrò. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ tó fẹ́ yí padà. Iwájú ilé ló ti bá ìyá Fúnmiọlá, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ògúnbíyìí ju obìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ náà ló wà tó fi rò ó fún un, látorí odó títí dórí èkùrọ́ mẹ́ta.

Obìnrin náà gba ẹ̀gbà ọrùn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá, ẹ ní kí n má sunkún," ó ní. "N ò sunkún. Kì í sì í ṣe torí yín. Èmi tí mo bí i, mo gbà pé ó jí i ni. Mo ní Ògún ò lè ṣìnà. Mo bínú sí i, mo bínú sí i wọ inú ulẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ lé orí, ó sì ké. Igbe náà kì í ṣe ti ẹni tó ń sunkún lásán, igbe tí wọ́n fi ń kéde òkú ni. Àwọn aládùúgbò tú jáde. Moses, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ìyá, kí ló dé? Ta ló kú?"

"Fúnmiọlá ni! Ọmọ mi Fúnmiọlá!"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Obìnrin kan rọra dì í lápá mú. "Ìyá, ìgbà wo ló kú?"

"Òní! Òní yìí ni ọmọ mi kú!"

Gbogbo wọn wá kọjú sí bàbá àgbàlagbà tó wà nílẹ̀. "Bàbá, irú ukú wo nìyí? Kí ló pa á?"

Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí Ògúnbíyìí ti ní èsì ìbéèrè yìí lẹ́nu. Bí wọ́n bá jí i lójú oorun, á ní Ògún ni.

"Kò jalè," ó ní.

Moses ní àwọn ti gbọ́ ìyẹn. Kí ló wá pa á?

"N ò mọ̀," ni Ògúnbíyìí wí. Ó tún un wí. "N ò mọ̀ ọ́n."