Ibi tí Sorcha Wà Láàárọ̀ Ọjọ́ Náà

3.

…adìyẹ méje ló wà níbẹ̀, àti àkùkọ kan.

(Mo fa èyí rẹ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀.)


4. ÌKÉDE, lára ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́

ÀJỌ̀DÚN ONÍRUN PUPA, INIS RUÁN
Sátidé, lẹ́yìn Máàsì òwúrọ̀.
Eré ìje. Kíka àmì wẹẹrẹ ojú: ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí.
Dídé adé fún onírun pupa tó ti kúrò nílé pẹ́ jù lọ: SORCHA, láti Glasgow.
Ọ̀rọ̀ ìkíni: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fiachra, olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì.
Ẹ̀yin onírun dúdú, ẹ máa bọ̀. A ò ní jẹ yín.


5. Lórí fóònù mi

Fiachra. Màá wá. Mi ò fẹ́ adé. Sọ ibi tí mo wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Níwájú gbogbo wọn ni kó o ti sọ ọ́. Bí o ò bá sọ ọ́, ọkọ̀ tó gbé mi wá náà ló máa gbé mi padà.


1. Ohun tí gbogbo erékùṣù mọ̀

Bí apẹja bá ń lọ sídìí ọkọ̀, tó pàdé obìnrin onírun pupa lọ́nà, kó yíjú padà sílé. Kò gbọdọ̀ wọ òkun lọ́jọ́ náà.

Bó bá jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ tirẹ̀ náà ni.


2. Ohun tí ilé wa mọ̀

Oṣù kẹwàá, 1971. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Sorcha jẹ́ mọ́kànlá. Irun rẹ̀ rí bí bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyanrìn fọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn ló sáré tẹ̀ lé bàbá wa láti kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá rẹ́rìn-ín, tó gbé e kọ́ èjìká, tó padà wálé. Pòtétò lásán là ń jẹ.

Màmá ní, “Kí ẹnì kan bá mi di ọmọ yẹn mú láàárọ̀ ọ̀la.”

Èmi ni ẹnì kan.


3, àtúnkọ.

Ilé adìyẹ. Mo ní kó wá wo ẹyin. Mo fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn.

Bàbá kọjá. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń retí rẹ̀.

Kò pàdé ẹnikẹ́ni.

Ìjì dé kí agogo àdúrà ọ̀sán tó lù.


6. Ilé Fádà, ọjọ́ kẹjọ tí Bàbá ò tíì padà láti òkun. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ àfi èmi.

FÁDÀ: Sorcha, wọ́n ní o pàdé bàbá rẹ lọ́nà.
SORCHA: Irọ́ ni, Fádà. Ilé adìyẹ ni mo wà. Fiachra ló tì mí mọ́bẹ̀.
FÁDÀ: Fiachra?
(Màmá ń wò mí.)
ÈMI: Mi ò tì í mọ́ ibì kankan, Fádà.
SORCHA: Ìyẹ́ ṣáà wà nínú irun mi! Màmá, ẹ̀yin lẹ yọ ọ́!
MÀMÁ: Dákẹ́, ọmọ yìí.

Kí oṣù tó parí, àǹtí wa ti wá mú un lọ sí Glasgow.


7.

Pupa méjì ló wà lédè wa. *Dearg* ni ti ẹ̀jẹ̀. *Rua* ni ti irun, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ti koríko orí òkè nígbà òtútù.

Lẹ́yìn ìsìnkú tí kò ní òkú, àwọn obìnrin etíkun ń pe irun Sorcha ní *dearg*. Mo gbọ́. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè.

Mi ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn.


8. Ìdáhùn àyẹ̀wò itọ́

Ọ̀gbẹ́ni, irun yín dúdú, àmọ́ ẹ ní apilẹ̀ àbùdá irun pupa kan. Méjì ni í mú kí irun pupa hàn: ọ̀kan láti ara bàbá, ọ̀kan láti ara ìyá. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan lè gbé e títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kí ó má hàn sí ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àìsàn. Kì í parun bọ̀rọ̀.

(Sorcha ní méjì. Nítorí náà Bàbá ní ẹyọ kan. Ohun tó ń tìtorí rẹ̀ padà sílé, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́.)

Gbé e, kí ó má hàn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.


9. Ilé ìdáná. Èmi àti Étaín, ọmọ ọmọ mi, onírun pupa

ÉTAÍN: Bàbá àgbà, níléèwé wọ́n ní kí n má sún mọ́ koríko gbígbẹ, pé màá dáná sun ún.
ÈMI: Kí lo wá wí?
ÉTAÍN: Mo ní òtútù ló ń pa wọ́n, kí wọ́n wá yáná lórí mi.
ÈMI: O káre!
ÉTAÍN: Ṣé Ìyá àgbà Sorcha náà máa ń fún wọn lésì?
ÈMI: Ó fún wọn lẹ́ẹ̀kan.
ÉTAÍN: Kí ni wọ́n wá sọ?

(Omi ti hó. Mo lọ sọ ọ́ kalẹ̀.)


10. Ọ̀RỌ̀ ÌKÍNI, ẹ̀dà kẹfà

Ẹ káàbọ̀. Inú wa dùn púpọ̀ ————
Ẹ káàbọ̀. Ìjì ló pa bàbá wa ————
Ẹ káàbọ̀. Àbúrò mi kò sí lọ́nà. Ì bá wà níbẹ̀, Bàbá ì bá padà ————


11. Sátidé

Irun Sorcha ti funfun.

Étaín sáré lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Apẹja méjì tó ń lọ sídìí ọkọ̀ yà fún wọn, wọ́n ṣí fìlà. Wọn ò padà.

SORCHA: Adìyẹ mélòó?
ÈMI: Méje.
SORCHA: Àkùkọ ńkọ́?
ÈMI: Ọ̀kan. Sorcha, mo —
SORCHA: Èmi kọ́ ni kó o sọ ọ́ fún. Èmi wà níbẹ̀.


12.

Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Étaín jókòó níwájú. Ọkọ̀ ò tíì kúrò; ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún.

Ẹ káàbọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé…