Oko Kan Gbọ́dọ̀ Kùnà

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Èmi kọ́. Mo bi í, ó dáhùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ — kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Aago mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò oko kòkó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́fíìsì yìí. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú rèé, mo jókòó sí Alekuwodo, mò ń wo orúkọ Bàbá Adéjọbí lójú fóònù bí ẹni pé orúkọ náà ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ta ní ń bá yín ṣiṣẹ́ lóko? Èló lẹ ń san fún wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín! "Owó kẹ̀? Ọ̀wẹ̀ ni, ọmọ mi. A kì í sanwó ọ̀wẹ̀. Ghan ṣe temi, mo ṣe ti ghan."

Ó ń fi yangàn ni. Ní Ifewara, ẹni tí ogún èèyàn bá wá bá fọ́ kòkó láìgba kọ́bọ̀, ẹni iyì ni. Lójú fọ́ọ̀mù... ẹni tó ń fipá kóni ṣiṣẹ́ ni. Òdo. Bó o bá sì ti gba òdo lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, igi tó o dá sí, odò tó ò bà jẹ́, asán ni gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó wọn ò fi ní fọwọ́ kan tiẹ̀. Wọn á sì ka orúkọ rẹ̀ síta nípàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀.

Òfin ni òfin. Èmi kọ́ ni mo ṣe é.

Èmi kọ́? Ta ló kó àwọn àgbẹ̀ yòókù jọ sí gbọ̀ngàn Mẹ́tọ́díìsì, tó ní, "Tí mo bá bi yín, ẹ ní ẹ ń sanwó o"? Gbogbo wọn ló há a sórí. Bàbá nìkan ni ò wá. Oko Mùtàlíbù, ọ̀kan nínú wọn, ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń bá a fọ́ kòkó — ọ̀wẹ̀! Mùtàlíbù fi arúgbó sílẹ̀ sínú oko tirẹ̀, ó wá jókòó níwájú mi, ó kọ́ irọ́ lọ sílé.

Mo lè yí i. Kí n kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan... Àmọ́ Ọ̀gá Mikail ti sọ ọ́ láàárọ̀: "Jùmọ̀kẹ́, oko mọ́kànlélógójì, kí gbogbo wọn yege? Àwọn òyìnbó ò ní gbà á. Wá ẹnì kan tó kùnà."

Ẹnì kan. Ṣé ó di dandan kó jẹ́ Bàbá? Mo rí ike oògùn kòkó létí odò inú oko Mùtàlíbù, ojú mi kòró ló rí i, mo sì kọ ọ́ pé ó mọ́. Elisha ńkọ́? Ìwé àkọsílẹ̀ ọdún kan gbáko, ọjọ́ kan ṣoṣo ló jókòó kọ ọ́, bírò kan náà. Mo fún un ní máàkì tó pé lórí ìṣàkóso. Kí ló dé tí mi ò mú wọn? Mùtàlíbù á ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yìí, á máa ṣẹ́ èpè. Elisha ní ẹ̀gbọ́n ní káńsù. Bàbá Adéjọbí...

Lọ́jọ́ tí mo lọ sóko rẹ̀, ó gba bàtà mi, ó ń fi ewé nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Mo ní ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá. Ó ṣáà ń nù ún lọ. Tí wọ́n bá ka orúkọ rẹ̀, kò ní pariwo. Á ní bóyá òun ló ṣì í sọ. Lẹ́yìn ìpàdé, á wá bá mi — mo ti ń gbóhùn rẹ̀ — "Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kó dùn ẹ́. Uṣẹ́ rẹ ni."

Háà.

Ọ̀wẹ̀ kọ́. Òfin kọ́. Nínú oko mọ́kànlélógójì, ẹni tó máa dárí jì mí ni mo wá, òun ni mo sì mú. Mo ti mọ̀ láti àárọ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì. Mo kórìíra ara mi, n ò sì yí nǹkan kan padà.